Ta Ló Pè É Ní Iṣẹ́ Ọmọdé?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lójúkojú. Oṣù méje ni mo fi to bàálù kékeré kan pọ̀ ní yàrá wa, ẹ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fi èébú pa mí. "Àgbàyà! Ó ń fi bàálù ọmọdé ṣeré." Ẹlòmíràn ní, ṣebí wọ́n ti gé gbogbo ẹ̀ sínú páálí, kí ló kù tí mò ń ṣe? Ó dáa. Èsì yín rèé.

Sopwith Camel lorúkọ ẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ṣe é. Oṣù Kejìlá 1916 ló kọ́kọ́ fò, ó sì dé ojú ogun ní 1917. Apá méjì ló ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Ibi tí wọ́n ti bo ìbọn ẹ̀ méjèèjì yọ iké bíi ti ràkúnmí, ibẹ̀ lorúkọ ti wá. Apá bàálù gidi fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 28. Tèmi, tí bọ̀ọ̀dá mi fi ránṣẹ́ láti London, jẹ́ ìdá kan nínú 72: kò tó sẹ̀ǹtímítà 12.

Ibo ló ti wá le? Apá ìsàlẹ̀ rọra gbé ṣóńṣó sókè, àmọ́ tòkè nà gbọọrọ. Òpó mẹ́jọ tó tín-ín-rín bí igi ìtayín ló gbé e dúró. Tó o bá lẹ apá ìsàlẹ̀ wọ́ díẹ̀ lónìí, kò ní sọ nǹkan kan. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ gbé tòkè lé e ni wàá gbọ́: òpó kan á kàn án, èkejì ò ní kàn án. Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Èmi ò ti òkèèrè wò ó. Mo dà á padà sínú páálí, mo tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò níbẹ̀.

Ohun tó bí mi nínú nìyí: ẹnikẹ́ni ò bú mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà yẹn! Ẹ ní mo ti gbọ́n. Ìgbà tí mo gbé e jáde, tí mo fi abẹ ya apá ìsàlẹ̀ kúrò kí n lè tún un lẹ̀, èébú tún bẹ̀rẹ̀. Àbí ìforítì gan-an lẹ ń bá jà ni?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní wọ́n ti gé e sílẹ̀, ṣebí a, b, d náà ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó bí yín. Ìtàn mélòó lẹ ti fi kọ parí? Nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ìtàn á bẹ̀rẹ̀ dáadáa, á dé ojú ewé kẹta, á kú síbẹ̀. "Mo ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀." Irọ́ ni jàre! Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló wà. Èmi náà ní méjì níbẹ̀, mi ò yọ ara mi sílẹ̀. Ojú ewé kìíní la ti lẹ apá ìsàlẹ̀ wọ́. Ẹ jẹ́ ká mú abẹ, ká padà síbẹ̀.

Okùn irin ló di apá bàálù gidi mú. Òwú dúdú ni mo fi ṣe tèmi. Ó wà lójú fèrèsé wa báyìí. Òwú kan dẹ̀ lápá òsì, gọ́ọ̀mù sì ta sára ẹ́ńjìnnì. Ṣùgbọ́n apá òkè jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ bú u, kó gbé tiẹ̀ tó ti parí wá, ká jọ wò ó.