Oògùn Wà, Dókítà Wà: Níbo Ni Sójà Abúlé Yóò Ti Rí Wọn?

Ẹnu dùn-ún ròfọ́. Kò sí olóṣèlú Amẹ́ríkà tí kì í kí àwọn sójà tó ti fẹ̀yìntì kú iṣẹ́ ìlú. Ẹni tó fara gbọgbẹ́ lójú ogun wá ńkọ́, tí wọ́n fún ní oògùn apàrora, tí oògùn náà sì di bárakú sí i lára nígbà tó padà sí abúlé?

Oògùn tó lè gbà á sílẹ̀ wà: buprenorphine ni. Kò dà bíi methadone tí ọ̀pọ̀ ní láti máa lọ mu ní ilé ìtọ́jú pàtàkì. Abẹ́ ahọ́n lèèyàn ń fi í sí nínú ilé ara rẹ̀. Ìwé dókítà ló kù. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 2008 ní kí dókítà kọ́kọ́ fojú rí aláìsàn kó tó kọ irú oògùn bẹ́ẹ̀ fún un láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Kòrónà ló mú ìjọba dẹ okùn náà ní 2020. Oṣù kìíní 2025 ni wọ́n tó gbé ìlànà jáde fún àwọn dókítà tó ń tọ́jú sójà wọ̀nyí: bí ọ̀kan nínú àwọn dókítà náà bá ti rí aláìsàn lójúkojú lẹ́ẹ̀kan, àwọn yòókù lè máa tọ́jú rẹ̀ láti orí fídíò. Wọ́n tún sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ di ìparí ọdún 2025.

Ṣùgbọ́n ṣé ìwé àṣẹ ni yóò fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì dé oko?

Ẹ wo Eureka ní ìpínlẹ̀ Montana, lẹ́bàá ààlà Kánádà. Láti ibẹ̀ dé Helena, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá àwọn sójà wà, ju ìrìn wákàtí mẹ́rin lọ nínú ọkọ̀. Ní 2019, wọ́n ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú gbọ̀ngàn tí àwọn sójà àtijọ́ ti ń pàdé, wọ́n gbé ẹ̀rọ àti íntánẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Èèyàn yóò wọlé, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí pé ìyàwó tàbí ọmọ ń gbọ́.

Irú yàrá yìí ni mo fara mọ́ ju tábúlẹ́ẹ̀tì tí ìjọba ń yá àwọn sójà láti fi bá dókítà sọ̀rọ̀ nílé lọ. Ẹnìkan lè sọ pé ọtí wà ní ọ̀pọ̀ irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀: ṣé ẹni tó ń sá fún ìgò la ó pè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Òótọ́ ni. Ẹ gbé yàrá náà lọ sí ilé-ìkàwé tàbí ilé oògùn ìlú, níbi tí kò sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ló wá ṣe.

Kí ìjọba tó gbé tábúlẹ́ẹ̀tì fún sójà abúlé, kó kọ́kọ́ wádìí bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń wọlé rẹ̀. Bí kò bá wọlé, yàrá ni kó fún un.