Owó Ìtanràn Kò Kọ́ Wa Ní Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí wa, ẹ gbọ́ tiwa. Bí olùkọ́ bá fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè bóyá iṣẹ́ yé wa, gbogbo kíláàsì á ké pé, "Yes, sir!" Irọ́ ni. Ìgbómìnà là ń sọ nílé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi Yorùbá béèrè ìbéèrè ní kíláàsì yóò san owó ìtanràn. Ta ni yóò béèrè?

Wọ́n ní kí Gẹ̀ẹ́sì wa lè dára ni. Láti 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ilé-Ifẹ̀ fún ọdún 6. Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọmọ náà kò bàjẹ́ rárá.

Abéèrè kì í ṣìnà. Ẹ fagi lé owó ìtanràn yìí, kí a lè béèrè.