Búrẹ́dì Tí À Ń Fún Ọmọ Wẹ́wẹ́

Bí ọmọ bá ń ké lọ́jà wa ní Ẹlẹ́gbẹ̀ká, búrẹ́dì ni ìyá ń kì bọ̀ ọ́ lẹ́nu kó lè ráàyè dá oníbàárà lóhùn. A kò bá a wí, àwa náà ti ṣe é rí. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú nìkan ni tirẹ̀. Èyí tó ti pé, ẹ ya inú búrẹ́dì tó rọ̀ fún un ní tínńtín, kó jókòó jẹ ẹ́, kì í ṣe lẹ́yìn ìyá. Odindi lè há a lọ́fun. Ẹ fi ẹyin tàbí mọ́ínmọ́ín kún un, torí búrẹ́dì nìkan kì í tọ́ ọmọ. Èyí tó bá ti bu, ẹ má wulẹ̀ ha èébu rẹ̀ kúrò. Ẹ dà á nù.

Èyí tó kù, àwa ọlọ́jà ló kàn. Àwọn kan ń po bromate mọ́ ìyẹ̀fun kí búrẹ́dì lè wú. NAFDAC ti fòfin dè é, láyé Dora Akunyili ni wọ́n sì gbógun tì í gan-an. Búrẹ́dì tí kò ní orúkọ ilé iṣẹ́ àti nọ́ḿbà NAFDAC lára ọ̀rá rẹ̀, lójú tiwa, kò yẹ kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan pàtẹ rẹ̀, èrè ì báà pọ̀. A ó gbé e wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.