Fíìmù 'Ẹlẹ́ṣin Ọba': Ìlù dún, kò wọra

Ẹlẹ́yẹlé níbí ni mo ti wo 'Ẹlẹ́ṣin Ọba' lórí Netflix ní oṣù kọkànlá 2022. Ká sọ̀rọ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ wà: ó já mi kulẹ̀.

Nínú eré Wọlé Ṣóyínká, ìlù, orin àti ijó ló ń sin Ẹlẹ́ṣin dé bèbè ikú. Dúró Ládípọ̀ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀ tó fi fi orin gbé 'Ọba Wàjà' kalẹ̀ ní 1964. Nínú fíìmù, aṣọ ló gba iwájú, ìlù wá di ará ẹ̀yìn. Ọdúnladé Adékọ́lá gbìyànjú ṣá.

Bíyì Bándélé tó darí ẹ̀ kú kó tó jáde. Mi ò bá òkú jà. Ṣùgbọ́n ọmọ wa tó bá jẹ́ fíìmù yìí nìkan ló wò, ṣé ó máa mọ ohun tó mú Ẹlẹ́ṣin gbà láti kú?