Kọ̀ǹpútà Mẹ́ta, Ìwé Kan

Ẹni tó jìn sí kòtò kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ kòtò tèmi.

Ọ̀wọ̀ ni mo ń gbé, Ifọ̀n ni mo ti ń kọ́ni. Kọ̀ǹpútà kan wà nílé, ọ̀kan wà ní iléèwé, ẹ̀kẹta wà ní ṣọ́ọ̀bù ìyàwó mi. Fíláàṣì ni mo fi ń gbé máàkì àwọn ọmọ káàkiri. Ní ìparí sáà kan, mo da àkọsílẹ̀ àtijọ́, tí kò ní máàkì ìdánwò ńlá nínú, lé tuntun lórí. Ọmọ tó gba 78 nínú ìṣirò, 28 ni mo kọ fún un. Ìyá rẹ̀ ti nà án kí n tó rí àṣìṣe mi. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, ṣùgbọ́n ẹgba tí a ti nà kò ṣeé gbà padà.

Láti ìgbà náà ni mo ti wá ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà mẹ́ta yóò fi máa ní ìwé kan náà láìfi ọwọ́ gbé e. Ọ̀nà méjì ni mo rí.

Èkíní ni ti àwọn tí ń bá wa tọ́jú ìwé sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dropbox ń fúnni ní 2 GB lọ́fẹ̀ẹ́. Google Drive, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, ń fúnni ní 15 GB. Ohun tí mo bá kọ ní Ọ̀wọ̀, mo bá a ní Ifọ̀n, bí kọ̀ǹpútà ilé tilẹ̀ ti kú, kí ìwé náà ṣáà ti gòkè tán. Dátà ni yóò máa jẹ.

Èkejì ni Syncthing, tó jáde ní 2013. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì sí alágbàtà: kọ̀ǹpútà ń fún kọ̀ǹpútà tààrà. Bí wọ́n bá wà lórí Wi-Fi kan náà, kò ná wa ní dátà. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní títàn lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ sì mọ ìṣe iná mànàmáná wa.

Nítorí náà, ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé kan, kí ó mú Syncthing. Èmi tí ọ̀nà mi jìn, Google Drive ni mo mú.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o! Ohun tí ẹ bá pa rẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù, yóò parẹ́ nílé pẹ̀lú. Ọgbọ̀n ọjọ́ péré ni Google fi ń tọ́jú ohun tí a jù nù. Lẹ́yìn rẹ̀, ó di àwátì. Ìdí nìyí tí mo fi ń da gbogbo ìwé mi sínú fíláàṣì ní ọjọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, tí mo sì ń tì í mọ́ inú àpótí.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.