Kì í Ṣe Àdàkọ Ló Gé Mi Lọ́wọ́

Àpá kékeré kan wà lórí ìka ìfábẹ̀là mi. Nígbà tí mo lọ sílé ní Ajílété ní ìsinmi tó kọjá, mo ra ọ̀bẹ kan lọ́jà, irú èyí tó máa ń ká sínú èèkù rẹ̀. Ó ń dán gbinrin, orúkọ iléeṣẹ́ òkèèrè kan sì wà lára rẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, mo fi ṣóńṣó rẹ̀ gún ìrèké kí n lè là á. Kí n tó mọ̀, lọ́ọ̀kì ti yọ̀, ọ̀bẹ ti pa dé mọ́ mi lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó ní, "Fẹ́èkì ni wọ́n tà fún ẹ. Àwọn tó ń jí iṣẹ́ oníṣẹ́ wò!"

Mo gbà pé fẹ́èkì ni. Àmọ́ ṣé jíjí iṣẹ́ wò ló gé mi? Mi ò rò bẹ́ẹ̀.

Liner lock ni wọ́n ń pe irú lọ́ọ̀kì yẹn. Irin pẹlẹbẹ kan wà nínú èèkù, wọ́n tẹ̀ ẹ́ kó lè máa ta bíi sípírìńgì. Tẹ́ ẹ bá ti ṣí ọ̀bẹ, irin yìí á ta bọ́ sẹ́yìn ìdí ojú ọ̀bẹ, á sì dènà rẹ̀ kó má lè pa dà.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe é? Ọ̀pọ̀ á ní Michael Walker, ará Amẹ́ríkà tó gbé e jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, tó sì fi LinerLock ṣe orúkọ òwò. Àmọ́ Watson àti Chadwick ti gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1906. Walker wá yọ sípírìńgì ẹ̀yìn ọ̀bẹ kúrò, ó fi bọ́ọ̀lù irin bíńtín kan rọ́pò rẹ̀, òun ló ń di ọ̀bẹ mú tó bá wà ní kíká. Lẹ́yìn náà ni Chris Reeve, ọmọ South Africa, sọ èèkù fúnra rẹ̀ di sípírìńgì. Sebenza ló pe ọ̀bẹ rẹ̀, ọ̀rọ̀ Zulu tó jẹ mọ́ iṣẹ́ ṣíṣe.

Ta wá ni olè nínú wọn? Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Òfin pàápàá mọ̀ bẹ́ẹ̀: ní Nàìjíríà, ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tuntun kì í ju 20 ọdún lọ, ẹni tó sì fẹ́ gbà á gbọ́dọ̀ ṣàlàyé bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Tí ọdún bá ti pé, ó di ti gbogbo wa.

Nígbà tí mo pa dà síléèwé, mo tú ọ̀bẹ náà palẹ̀, mo sì gbé e sábẹ́ máíkírósíkóòpù. Ẹ wo igi tí àwọn dírẹ́bà tírélà fi ń há táyà lójú ọ̀nà Ìdírókò. Tí igi náà bá rọra dagun, táyà á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò ní kúrò. Tó bá dagun jù, táyà á tì í dànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdí ojú ọ̀bẹ: wọ́n sábà máa ń gé e ní nǹkan bíi dígíríì 7 sí 10, torí ibẹ̀ ni irin ti lè di irin mú láì yọ̀. Tèmi dagun jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Irin rẹ̀ tún rọ̀, ó ti jẹ kòtò.

Ẹni tó ṣe é wo ojú ọ̀bẹ náà kọ, kò wo inú rẹ̀. Ó wá fi orúkọ olórúkọ bo àṣìṣe rẹ̀. Nǹkan méjì yìí ni mò ń bá a jà lé lórí.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ alágbẹ̀dẹ, ṣebí iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ló ń wò ṣe? Àmọ́ ọ̀gá á bi í léèrè ìdí tí ibí fi tẹ̀, tí ibẹ̀ fi nípọn. Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tú fáànù, jẹnẹrétọ̀ àti fóònù palẹ̀, ẹ má jẹ́ kójú tì yín. Ẹ wò ó kọ. Ṣùgbọ́n ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ dán an wò, ẹ dárúkọ ẹni tẹ́ ẹ wò, kẹ́ ẹ sì fi orúkọ tiyín sí i, kó lè jẹ́ pé tó bá gé èèyàn, ẹ̀yin la máa wá bi.

Ọ̀bẹ yẹn ṣì wà lórí tábìlì mi. Mò ń fi fáìlì fá ìdí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé, kò tíì gbà.