Ẹgbẹ́ Tí Ọ̀gá Dá Sílẹ̀ Kì í Ṣe Ẹgbẹ́ Wa

Ní ìpàdé ẹ̀ka wa tó kọjá, ọ̀kan nínú wa dìde, ó ní kí a kọ̀wé sí máníjà pé kó dá ẹgbẹ́ kéékèèké sílẹ̀ nínú iléeṣẹ́: ti obìnrin lọ́tọ̀, ti aláàbọ̀ ara lọ́tọ̀, ti àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ìbàdàn lọ́tọ̀. Ó ní bí wọ́n ti ń ṣe é nílùú ọba nìyẹn, pàápàá ní àwọn iléeṣẹ́ lọ́yà ńláńlá. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́. A ń jiyàn rẹ̀ bọ̀ títí a fi dé Bẹẹrẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, a kò yanjú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá sínú ìwé wa yìí.

Ará wa yìí kò parọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ń ṣiṣẹ́ ní irú iléeṣẹ́ lọ́yà bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ní ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú wà níbẹ̀, ti obìnrin wà, ti Mùsùlùmí wà. Ọ̀gá ló ń fún wọn ní yàrá ìpàdé, òun náà ló ń san owó oúnjẹ. Bó bá di oṣù kẹwàá, tí wọ́n fi ń rántí ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn a pe ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, wọn a jẹ ìrẹsì, wọn a ya fọ́tò. N kò fi wọ́n ṣẹ̀sín o. Ẹni tó jẹ́ òun nìkan ni dúdú láàrin ogójì ènìyàn, ó yẹ kó rí ẹni bá sọ̀rọ̀. Ọmọ náà ní ibẹ̀ lòun ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń béèrè ìgbéga.

Mo wá bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ẹ máa ń dá owó ẹgbẹ́? Ó ní rárá. Ṣé ẹ lè bá ọ̀gá jókòó lórí owó oṣù? Ó ní rárá, ìmọ̀ràn làwọn ń mú wá. Mo ní àwọn tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì yín ńkọ́, tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣé wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú yín? Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní kọ̀ńtírátọ̀ ló gbà wọ́n, wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lábẹ́ kọ̀ńtírátọ̀ lọ́dọ̀ wa níbí, ṣé ẹ gbọ́?

Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ náà ti wá fojú hàn gbangba. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn iléeṣẹ́ lọ́yà ibẹ̀ fi irú ètò yìí, tí wọ́n ń pè ní DEI, yangàn. Ní oṣù kẹta ọdún 2025, Ààrẹ Trump fọwọ́ sí àṣẹ kan tó dojú kọ iléeṣẹ́ lọ́yà Perkins Coie, ètò náà sì wà lára ẹ̀sùn tó kà sí wọn lọ́rùn. Ní ọjọ́ 17 oṣù náà, àjọ tí òfin ọdún 1964 dá sílẹ̀ láti gbèjà ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ níbi iṣẹ́ kọ̀wé sí iléeṣẹ́ lọ́yà 20 pé kí wọ́n wá rojọ́. Kí oṣù kẹrin tó parí, mẹ́rin nínú wọn, Kirkland & Ellis, Latham & Watkins, Simpson Thacher àti A&O Shearman, ti bá àjọ náà ṣe àdéhùn pé àwọn kò ní pe ohunkóhun ní DEI mọ́. Lọ́yà ni wọ́n o, àwọn tó ń gbowó láti gbèjà ẹni! Perkins Coie lọ sí kóòtù ní tirẹ̀, adájọ́ Beryl Howell sì fagi lé àṣẹ náà ní ọjọ́ 2 oṣù karùn-ún. Ọ̀nà ìjà wà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀gá ló wà bóyá kí wọ́n jà tàbí kí wọ́n sá. Ẹgbẹ́ tí kò ní owó tirẹ̀, tí kò ní ìwé àdéhùn, tí kò lè dáṣẹ́ sílẹ̀, kí ni yóò fi dá ọ̀gá dúró?

Ṣùgbọ́n kí ẹ má rò pé ara wa ni mo ń yìn. Ẹ̀yin awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́tọ̀, ẹ fetí sí èyí. Ní ìlú Bristol, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ọkọ̀ fúnra wọn ló pinnu ní 1955 pé àwọn kò fẹ́ aláwọ̀ dúdú nínú bọ́ọ̀sì àyàfi bó bá jẹ́ èrò. Ní 1963, wọ́n pe ọmọ Jamaica kan, Guy Bailey, wá fún ìdánwò iṣẹ́. Bí wọ́n ti mọ ibi tó ti wá báyìí, wọ́n ní iṣẹ́ ti tán. Paul Stephenson, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, àti Roy Hackett pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní kí ará ìlú má wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi jà á kí iléeṣẹ́ ọkọ̀ tó juwọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 28 oṣù kẹjọ. Unite, tó jogún ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ náà, kò tọrọ àforíjì títí di 2013. Àádọ́ta ọdún gbáko!

Àwa ńkọ́? Òfin ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti 1973 ní a kò gbọdọ̀ torí ẹ̀yà, ìlú, ẹ̀sìn tàbí òṣèlú kọ ẹnikẹ́ni. Lóòótọ́, a kò kọ ẹnikẹ́ni. Àmọ́ aago méje alẹ́ là ń ṣèpàdé, nígbà tí abiyamọ ti ní láti wà nílé ní Bẹ́yẹrúnkà kó dáná fún ọmọ. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì là ń ṣe é, ọ̀rẹ́ wa tó ń fi igi rìn a sì jókòó sísàlẹ̀ títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀ wá ròyìn fún un. Èmi náà jẹ̀bi. Ọdún mẹ́fà ni mo ti jẹ́ aṣojú kí n tó kíyè sí i. Bí irú wọn bá lọ jókòó síbi tí ọ̀gá ti ń pín ìrẹsì, ta ni ká bá wí?

Ẹ̀tọ́ wọn wà nínú ìwé. Òfin iṣẹ́ fún abiyamọ ní ọ̀sẹ̀ 6 ṣáájú ìbímọ àti ọ̀sẹ̀ 6 lẹ́yìn rẹ̀, owó rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ìdajì bó bá ti lo oṣù 6 lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá padà dé, ó ní ààbọ̀ wákàtí lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ láti fún ọmọ lọ́mú. Òfin aláàbọ̀ ara, tó di òfin ní 2019, fi ọdún 5 sílẹ̀ kí wọ́n fi tún àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń lò ṣe. Ọdún 5 náà pé ní 2024. Ta ló ti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ máníjà?

Mo máa gbé àbá wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ wá dìbò. Kí a yan ìgbìmọ̀ obìnrin àti ti aláàbọ̀ ara láàrin ara wa, kí ìnáwó wọn ti inú owó ẹgbẹ́ wá, kí alága wọn jókòó tì wá nígbà tí a bá ń bá máníjà ṣe àdéhùn. Kí àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ńtírátọ̀ náà wọlé. Kí ìpàdé kúrò lálẹ́, kó sì kúrò lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì; akọ̀wé ti ní òun yóò wá yàrá sísàlẹ̀. Ará wa tó mú àbá ti àkọ́kọ́ wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe bínú jókòó sílé. Ẹ wá takò mí lójúkojú.